Ẹja Eré, Ẹja Ọbẹ̀

Àbúrò mi kan tí ó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù wá kí wa ní Ìsẹ̀-Èkìtì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó sì ní kí n sin òun lọ sí etí odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ ń dán, okùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Kò pẹ́ tí àrọ̀ kan tí ó tó apá ọmọdé fi gbé ìwọ̀ mì. Ó bá a fà á títí ó fi rẹ ẹja náà, ó fà á gòkè, ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó yà á ní fọ́tò, ó sì rọra dá a padà sínú omi. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń fọ ẹ̀gẹ́ ní ìsàlẹ̀ odò pàtẹ́wọ́.

"Ọmọ mi, kí ni ẹja náà ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, Ìyá. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá a sílẹ̀."

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè rẹ̀ ti ń dà mí láàmú, nítorí kò rọrùn láti sọ ẹni tí ó jàre nínú àwọn méjèèjì.

Irú ẹja tí ọkàn àwọn apẹja-ṣeré máa ń fà sí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "game fish". Kì í ṣe gbogbo ẹja ni ó ń gba orúkọ yìí. Èyí tí ó lágbára, tí ó gbọ́n, tí kì í jẹ́ kí a fa òun gòkè láìjà, ni wọ́n kà yẹ. Ní ilẹ̀ wọn, salmon àti trout ni ó gba ipò ọlá náà, wọ́n sì fún ọ̀pọ̀ ẹja odò yòókù ní orúkọ tí ó fi wọ́n hàn bí ẹja tí kò jọjú. Láyé àtijọ́, ayọ̀ àti eré ni ọ̀rọ̀ "game" túmọ̀ sí kí ó tó di orúkọ ẹran tí a ń dọdẹ. Inú dídùn apẹja ni ó wà nínú orúkọ náà, kò sí ti ẹja níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má tètè yangàn. Àwa náà ń pe ẹranko tí ó wà láàyè ní ẹran, a sì ń pe èyí tí ó wà nínú ìkòkò ní ẹran. A ní ẹja tútù, ẹja gbígbẹ, ẹja díndín. Ọjà àti ààrò ni ó sọ wọ́n lórúkọ. Òyìnbó fi eré pe ẹja, àwa fi ọbẹ̀ pè é.

Ṣé ẹja ń jẹ̀rora? Ní ọdún 2002, James Rose, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ọpọlọ ẹja kò ní ohun tí a fi ń mọ ìrora gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Lynne Sneddon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n fi oró oyin àti ásíìdì gún ètè ẹja trout. Àwọn ẹja kan ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọn tí a fún ní ásíìdì sì ń fi ètè ha òkúta ìsàlẹ̀ omi. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbọ́ nípa ètè tí ń ha òkúta kò lè di ọ̀pá mú pẹ̀lú ọkàn fúfúyẹ́ mọ́. Òfin ilẹ̀ Switzerland ti ọdún 2008 kò gbà kí ènìyàn lọ pẹja tòun ti èrò pé yóò dá a padà: bí o kò bá ní jẹ ẹ́, fi í sílẹ̀. Ohun tí ìyá etí odò wí gan-an nìyẹn, láìkọ òfin kankan.

Síbẹ̀, bí a bá gba ẹjọ́ náà rò níwájú ẹja fúnra rẹ̀, àbúrò mi ni yóò jàre. Ẹnu dídùn sàn ju ikú lọ, àrọ̀ sì jẹ́ ẹja olókun tí ó lè pẹ́ lókè omi láìkú. Ìdí mìíràn wà tí n kò fi lè gbè sẹ́yìn ọbẹ̀ pátápátá. Ní ilẹ̀ kòkó wa yìí, àwọn tí wọ́n ń wá ẹja jẹ, tí wọ́n sì ń wá a tà, ni wọ́n ń da Gammalin 20, oògùn tí a fi ń pa kòkòrò ara kòkó, sínú odò. Àgbà ẹja kú, ọmọ ẹja kú, akèré àti alákàn bá wọn lọ. Lindane ni májèlé inú rẹ̀, èyí tí Àdéhùn Stockholm fi kún àwọn ohun tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì ní ọdún 2009. Ebi ni àwáwí wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó fi ìyà jẹ odò jù, ẹni tí ń ṣeré ni tàbí ẹni tí ebi ń pa?

Ẹ wo Argungu pẹ̀lú. Láti ọdún 1934 tí Sultan Ṣókótó ti bẹ ìlú náà wò ni ọdún ìpẹja wọn ti di ńlá. Eré ni, ìdíje ni, ẹni tí ó bá mú ẹja tí ó wúwo jù ni ó ń gba ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n nítorí eré náà ni wọ́n ṣe ń sé odò mọ́ apẹja títí ọjọ́ ọdún yóò fi pé. Eré ni ó ń ṣọ́ ẹja níbẹ̀. Eré kan náà ni ó wà lára ohun tí ó mú kí àwọn aláṣẹ amúnisìn kó giwan ruwa, erin inú omi lẹ́nu àwọn Hausa, sínú adágún Victoria ní àwọn ọdún 1950. Ẹja náà sì wà lára ohun tí ó pa ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ẹja wẹ́wẹ́ tí kò sí níbòmíràn láyé run.

Ọ̀nà kẹta kan wà tí ó jẹ́ tiwa. Ìtàn Òṣogbo sọ pé inú "a-tẹ́wọ́-gba-ẹja" ni orúkọ oyè Àtáọ́ja ti jáde, nítorí pé ọba àkọ́kọ́ tẹ́ ọwọ́, ẹja odò Ọ̀ṣun sì wá bá a. Odò tí ó ti Ìgèdè-Èkìtì ṣàn lọ ni. Ní igbó Ọ̀ṣun, a kì í pa ẹja rẹ̀. Ẹja tí a kò fi ṣeré, tí a kò sì sè, ni ó níyì jù lójú wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo odò kò lè di Ọ̀ṣun. Ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹun ní Èmùré àti Ìkẹ́rẹ́.

Èmi rò pé kì í ṣe dídá ẹja padà ni ó bí ìyá náà nínú. Ohun tí ó bí i nínú ni pé àbúrò mi ti mọ̀ kí ó tó ju ìwọ̀ sómi pé òun kò nílò rẹ̀. Mo sọ èyí fún un bí oòrùn ti ń wọ̀. Kò jiyàn, kò sì gbà. Nígbà tí ìwọ̀ tún mú òmíràn, ó wo ojú mi, ó sì gbé e lọ bá ìyá náà. Ìyá náà wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó béèrè iye tí a fẹ́ gbà.