Màmíwọ́tà: Ó Ha Wà Ní Tòótọ́ Bí?

Kò sí ẹni tí ń rin ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó tí kò mọ odò Ọ̀wẹnà. Ní agbègbè náà ni ọmọbìnrin kan nínú ìjọ mi ti ṣubú létí omi, tí ó ń gbọ̀n, tí itọ́ sì ń hó lẹ́nu rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò ti wí pé Màmíwọ́tà ni ó ń pè é. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n fá a lórí, wọ́n sì fi ebi pa á fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ tọ̀ mí wá, ó ní, "Bàbá, ǹjẹ́ ẹ̀dá yìí tilẹ̀ wà bí?"

Àwòrán rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, obìnrin onírun gígùn tí ejò wé mọ́, kò ti inú odò kankan wá. Ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ni a ti tẹ̀ ẹ́, láàrin ọdún 1880 sí 1890. Obìnrin kan tí ń fi ejò ṣeré fún òǹwòran ni a yà síbẹ̀. Ní ọdún 1955 a tún un tẹ̀ ní Bombay ní Íńdíà. Òótọ́ ni pé àwọn bàbá wa ti ń sọ ti Olókun àti Yemọja kí ìwé náà tó dé. Ṣùgbọ́n ojú tí àwọn ènìyàn ń rí lójú àlá, ojú òṣèré ni.

Columbus pàápàá kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1493 pé òun rí mẹ́ta nínú òkun, pé wọn kò lẹ́wà tó bí a ti ń yà wọ́n, àti pé òun ti rí irú wọn rí ní etí òkun Guinea níhà ọ̀dọ̀ wa. Àwọn amòye gbà pé manatí ni: ẹran omi ńlá tí ń jẹ koríko, tí ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, tí ó sì ń yọ orí síta láti mí. Ó wà nínú omi Nàìjíríà títí di òní.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Áfíríkà, ti ro irú ọ̀ràn yìí nínú ìwé rẹ̀ nípa Ìlú Ọlọ́run: bóyá ìtàn lásán ni irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, bí ó bá wà, bóyá kì í ṣe ènìyàn, bí ó bá sì jẹ́ ènìyàn, ọmọ Ádámù ni. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ní kí a fá orí ọmọ ọlọ́mọ?

Ẹlòmíràn yóò wí pé ẹ̀mí ni. Èmi kò sẹ́ pé ẹ̀mí àìmọ́ wà. Ṣùgbọ́n nínú Ìhìnrere Máàkù, ọmọ tí ń ṣubú sínú iná àti omi, ọwọ́ ni Olúwa fi fà á dìde. Bí ààwẹ̀ bá sì yẹ, àwa tí ń gbàdúrà ni kí ó gbà á, kì í ṣe aláìsàn.

Mo bá ìyá náà mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní wárápá ni, wọ́n sì fún un ní oògùn. Ó ti lé ní ọdún kan tí kò ṣubú mọ́. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, òun nìkan ni ó jókòó lórí àga tirẹ̀.