Ẹsẹ̀ Ta Ló Tọ́?

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀: ẹ tún ìsàlẹ̀ ṣe, ti òkè á tọ́. Ìbéèrè tèmi ni pé, bá a bá dé ìsàlẹ̀ ọ̀hún tán, tá a mú ayùn àti irin dání, kí la máa pè ní títọ́?

Ẹ má rò pé àfiwé lásán ni mò ń ṣe o. Iṣẹ́ kan wà táwọn dókítà ń ṣe tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ amúkùn-ún gan-an ni wọ́n ń tún ṣe, ìyẹn pípààrọ̀ orúnkún. Bí làkúrègbé bá ti jẹ oríkèé orúnkún débi pé egungun ń họ egungun, oníṣẹ́ abẹ á gé ìsàlẹ̀ egungun itan, á gé orí egungun ojúgun. Kì í pọ̀, bíi mìlímítà 8 sí 10. Á fi irin bo ojú méjèèjì, á wá fi ike líle sáàárín wọn. Ibi tí iṣẹ́ wà ni igun tí ayùn máa gbà. Bó bá yí díẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ á bá a yí.

Òfin tí ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ̀ lé rọrùn láti sọ. Fa ìlà kan láti àárín orí egungun itan, níbi tó ti wọ ìbàdí, wá sí àárín ọrùn ẹsẹ̀. Bí ìlà yẹn bá gba àárín orúnkún kọjá, ẹsẹ̀ tọ́. Bó bá yà ju dìgírì 3 lọ, wọ́n á ní iṣẹ́ ò gún. Àwọn tó gbé òfin yìí kalẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ wo táyà mọ́tò tó ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mẹkáníìkì ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó ní kẹ́ ẹ lọ ṣe alignment. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rò nípa orúnkún láwọn ọdún 1970 sí 1980, nígbà tí ike tí wọ́n ń lò ò tíì lágbára tó tòní. Bí ẹrù ara bá tẹ ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ike á jẹ, irin á máa mì, wọ́n á tún la aláìsàn lẹ́ẹ̀kejì. Ta ló fẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n mọ́tò ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ó sì ní ìwé tó bá a wá. Ta ló kọ ìwé fún ẹsẹ̀?

Ní 2012, Johan Bellemans àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó 250 ọ̀dọ́ jọ, ọmọ ọdún 20 sí 27, ọjọ́ orí tiwa gan-an, tí orúnkún ò dùn rárá, wọ́n sì ya X-ray ẹsẹ̀ wọn láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀. Nínú àwọn ọkùnrin, 32% ni ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ síta bí ọrun ní dìgírì 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn obìnrin, 17% ni. Àìsàn kankan ò ṣe wọ́n. Bí wọ́n ṣe dàgbà sí nìyẹn. Bí òfin yẹn bá wá di ìdájọ́, bí ọ̀kan nínú ọkùnrin mẹ́ta ti jẹ̀bi kó tó ṣe nǹkan kan. (Àwọn bow-leg tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún hall wa ńkọ́? Ẹ lọ bi àwọn tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù gba abẹ́ wọn kọjá bóyá ẹsẹ̀ yẹn ò wúlò!)

Ẹ wá fojú inú wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́mọ ọdún 65. Orúnkún ti bàjẹ́, wọ́n gbé e lọ sórí tábìlì, wọ́n sì fún un ní ẹsẹ̀ tó nà gbọọrọ tí kò ní rí láyé rẹ̀. Àwọn iṣan tó ti bá ẹsẹ̀ títẹ̀ dàgbà, wọ́n ní láti dẹ díẹ̀ nínú wọn kí irin lè jókòó. Dókítà á gbé X-ray sókè, á rí i pé ó gún régé. Aláìsàn á dìde, á rìn, á ní ẹsẹ̀ yìí ò jọ tòun. Ní Ontario ní Kánádà, ìwádìí tó jáde ní 2010 lórí 1,703 èèyàn rí i pé 19% ni orúnkún tuntun wọn ò tẹ́ lọ́rùn. N ò sọ pé igun ayùn nìkan ló fà á o. Ìrora wà ńbẹ̀, ìrètí tó pọ̀ jù náà wà ńbẹ̀.

Èmi tí mò ń ka Yorùbá, ọ̀rọ̀ niṣẹ́ mi, kì í ṣe egungun, ọ̀rọ̀ ló sì dá mi dúró síbí. Igi tó nà gbọọrọ, a ní ó tọ́. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe, a ní ó tọ́. Ẹ̀tọ́ àti òtítọ́ ò gbé jìnnà síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ ẹ ò tọ́, kó tó pa ẹnu dé, ó ti dá ẹ lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n a tún ní "ṣe wẹ́kú." A kì í sọ pé bàtà tọ́, a máa ń ní ó ṣe wẹ́kú. Ìdérí tó wọ́ lè ṣe wẹ́kú lórí ìkòkò tó wọ́. Òṣùwọ̀n wẹ́kú ò sí níta, ara nǹkan tá a fẹ́ fi í bò ló wà.

Àwọn dókítà kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá wẹ́kú. Láti nǹkan bí 2006 ni Stephen Howell ní Kalifóníà ti ń gé egungun lọ́nà tí irin á fi gba ipò ohun tó jẹ dànù, kí ẹsẹ̀ padà síbi tó wà kí àrùn tó dé. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn pé irin ò ní pẹ́. Ṣùgbọ́n ní 2010, àwọn ará Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà yẹ 398 orúnkún tí wọ́n ti pààrọ̀ láàárín 1985 sí 1990 wò: 292 tọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin, 106 ò tọ́. Lẹ́yìn ọdún 15, àwọn tó tọ́ ò pẹ́ ju àwọn tí kò tọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ wẹ́kú náà ò tíì fọ́ ẹnu gbogbo èèyàn. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2014 ní ara àwọn tí wọ́n ṣe ti wẹ́kú fún yá ju tàwọn yòókù lọ. Òmíràn ní New Zealand ní 2017 ò rí ìyàtọ̀ kankan lẹ́yìn ọdún méjì.

Nígbà tí mo ka iṣẹ́ yìí nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ẹnì kan bi mí pé: bó bá jẹ́ wíwọ́ ọ̀hún ló ba orúnkún jẹ́ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ síta máa ń di ẹrù ru ẹ̀gbẹ́ inú, ibẹ̀ ló sì máa ń jẹ. Ọmọ tí egungun rẹ̀ rọ̀ ní kékeré ńkọ́? Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jos, tó jáde ní 1999, fi hàn pé kálíṣíọ̀mù tí kò tó nínú oúnjẹ ló ń tẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kan ní Nàìjíríà níbí. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dàgbà, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ la máa dá padà fún un ni, àbí ebi tó pa á? Àwọn àgbà ní Ọbàtálá ló mọ ara èèyàn. Ìtàn ní emu ló mu tó fi mọ àwọn kan ní abuké àti arọ. Ìtàn kan náà ní ẹni òrìṣà ni wọ́n, tirẹ̀ ni wọ́n, kẹ́nikẹ́ni má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àṣìṣe ni, tirẹ̀ náà sì ni. N ò mọ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí tó gbé méjèèjì pọ̀ jù báyìí lọ.

Ohun tí mi ò gbà ni kí wọ́n ní ẹ̀rọ ti yanjú ẹ̀. Láti 1997, ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà tọ́ ayùn sọ́nà. Rọ́bọ́ọ̀tì ti wà báyìí. Ẹ̀rọ á gé e síbi tẹ́ ẹ bá ní kó gé e. Kò ní bi yín pé kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀.

Tèmi ni pé ẹsẹ̀ oníǹkan ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà ni kó wí ìdí. Ìdí lè wà, ó sì lè pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n wí i kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ oorun, torí ẹni tó ti sùn ò lè jiyàn. Àwọn àgbà wa á ní, "Dókítà, ohun tó bá dáa lójú yín ni kẹ́ ẹ ṣe." Kí dókítà má jẹ́ kó bọ́ síbẹ̀. Kó ní, "Màmá, báwo lẹsẹ̀ yín ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọge?" Fọ́tò ìgbéyàwó ò ní wúlò, ìró á ti bo ẹsẹ̀, kí wọ́n wá ti ilé ìwé. Màmá lè ní bow-leg lòun ń jẹ́ látilẹ̀, òun ni bàbá àwọn ọmọ òun rí tó fi dúró, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ó sì lè ní ọdún 60 lòun ti fi ń retí ẹni tó máa bá òun nà án.