Gbèsè Tó Wà Láàárín Àjèjì: Ọ̀rọ̀ Ìwà Lójú Ọ̀nà Ọjà Ìdúmọ̀tà

Ẹni tó bá ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lọ rajà ní Ìdúmọ̀tà tàbí Bálógun ní Erékùṣù Èkó yóò fi owó, ẹrù àti ẹ̀mí rẹ̀ lé àwọn tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Awakọ̀ tó gbé e ní Ìwó Road n'Ìbàdàn kò mọ ilé bàbá rẹ̀. Kọ̀ńdọ́ dáńfó tó gbà á wọlé ní Ọjọ́ta kò ní rí i mọ́. Alábàárù tó ru ẹrù rẹ̀ gba àárín èrò Bálógun kò béèrè orúkọ rẹ̀, ọlọ́jà tó ta lẹ́ẹ̀sì fún un sì lè má tún fojú kàn án láyé. Inú irú ìrìn àjò báyìí ni ìbéèrè kan wà tí ẹ̀sìn àti ìmọ̀ ọgbọ́n orí ti ń bá yí láti ọjọ́ pípẹ́: kí ni ènìyàn jẹ ẹni tí kò mọ̀, tí kò sì ní pàdé mọ́?

Láàárín àwọn tó mọ ara wọn, ìtìjú ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kà sí ìwà. Ní àdúgbò tó yí ààfin Ìgà Ìdúngànràn ká, níbi tí agboolé ti fara kan agboolé, ẹni tó bá rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ jẹ láàárọ̀ yóò gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà kan kó tó di ìrọ̀lẹ́, nítorí orúkọ ìdílé wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọjà Erékùṣù Èkó kì í ṣe ti aládùúgbò nìkan. Kí afárá tó wà, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó oníṣòwò wá sí Ẹ̀bútè Èrò. Afárá Carter dé ní 1901, Afárá Èkó tẹ̀ lé e ní 1975, Third Mainland sì parí ní 1990. Bí afárá ṣe ń pọ̀ ni àjèjì ń pọ̀ sí i ní ojú pópó Nnamdi Azikiwe àti Martins, ìtìjú kò sì lè tẹ̀ lé gbogbo wọn dé ilé.

Yorùbá àtijọ́ ní ìdáhùn kan sí ọ̀rọ̀ yìí. Àgbẹ̀ á pàtẹ iṣu tàbí ọsàn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, á to òkúta wẹ́wẹ́ tó ń sọ iye rẹ̀ sí i, á sì bá tirẹ̀ lọ. Arìnrìn-àjò á mú èyí tó fẹ́, á fi owó sílẹ̀ níbẹ̀. Tí olóko bá fẹ́ dáàbò bo nǹkan rẹ̀, á fi ààlè sí i: ìkarahun ìgbín, àkísà, kùkù àgbàdo, ohunkóhun tó ń kìlọ̀ fún olè pé aburú ń dúró dè é. Nítorí náà ẹnì kan lè sọ pé ẹ̀rù ààlè ló ń mú kí owó pé, pé ọ̀rọ̀ ìwà kò sí níbẹ̀. Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, gbé irú ẹjọ́ yìí kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1785. Ó sọ̀rọ̀ ọlọ́jà kan tí kì í fowó lé ọjà fún ẹni tí kò mọ iye rẹ̀, débi pé ọmọdé lè rajà lọ́dọ̀ rẹ̀ láìséwu. Kant ní ohun tó ṣe tọ́, àmọ́ ó lè jẹ́ pé nítorí kí oníbàárà lè pọ̀ ló ṣe ń ṣe é. Ọlọ́jà Bálógun tó mọ̀ dájú pé oníbàárà òun láti Òṣogbo kò ní padà wá, tó sì sọ fún un pé aṣọ tó dì mú yẹn máa ń ṣá, ti yege nínú ìdánwò Kant. Kò sí ààlè níbẹ̀, kò sí aládùúgbò, kò sì sí èrè ọ̀la.

Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí yóò fèsì pé Ọlọ́run ń wò ó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù ìyà nìkan ló mú olùsìn ṣe òtítọ́, ààlè tó tóbi jù ni ó ń bẹ̀rù yẹn. Ifá gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn tó jinlẹ̀. Nínú ìtàn Ifá, Ìwà ni orúkọ ìyàwó Ọ̀rúnmìlà. Ọ̀rúnmìlà kò tọ́jú rẹ̀, Ìwà sì fi í sílẹ̀ lọ. Iyì Ọ̀rúnmìlà bá a lọ, ó sì ní láti máa wá a láti ilé dé ilé. Ìtàn náà kò sọ pé ẹnikẹ́ni ṣọ́ Ọ̀rúnmìlà. Ohun tó jẹ ẹ́ níyà ni àdánù ara rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó rẹ́ àjèjì jẹ ní Ìdúmọ̀tà ti pàdánù nǹkan kí àjèjì náà tó mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, àní bí kò tilẹ̀ mọ̀ láéláé.

Inú dáńfó ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń gbóná jù, lórí ṣéńjì. Kí ọkọ̀ tó gbéra ni kọ̀ńdọ́ ti ń pariwo pé kí èrò mú ṣéńjì wọlé. Èrò tó gbọ́ ọ tó sì wọlé ti gba àdéhùn náà, kò sì yẹ kó máa bú kọ̀ńdọ́ bí ṣéńjì bá pẹ́. Ṣùgbọ́n ariwo yẹn kò pa gbèsè rẹ́. Ó kàn sọ ẹni tí yóò ṣe wàhálà wíwá ṣéńjì ni. Owó èrò ṣì jẹ́ owó èrò. Bí ọkọ̀ bá wá dé Àpọ́ńgbọ́n, kọ̀ńdọ́ tó jẹ obìnrin kan ní ₦200, tó sì jẹ ọkùnrin kan ní ₦300, á na ₦500 kan ṣoṣo sí ọkùnrin náà, á ní òun so wọ́n pọ̀, kí wọ́n lọ pín in. Ọkọ̀ á sì ṣí. Àwọn méjèèjì, tí wọn kò mọ ara wọn, á wá di alájọni owó kan lẹ́bàá títì, wọ́n á máa wá ẹni tí yóò bá wọn ṣẹ́ ẹ.

Òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ó gbà pé a lè darí gbèsè láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ní ọ̀nà Màlíkì, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, ẹni tí wọ́n jẹ lówó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Obìnrin yẹn kò ráyè fọwọ́ sí ohunkóhun. Ọkọ̀ ti ń lọ, mọ́tò ẹ̀yìn sì ń fun fèrè. Nítorí náà, bí ọkùnrin náà bá fi owó sá lọ, ọrùn kọ̀ńdọ́ ni gbèsè ₦200 náà ṣì wà, nítorí òun ló yan aṣojú. Ọkùnrin náà sì ti di ẹni tí wọ́n fi nǹkan sí níkàáwọ́, bí kò tilẹ̀ béèrè fún un. Ohun tó wúni lórí ni pé lójoojúmọ́ ni àjèjì ń dúró de àjèjì lẹ́bàá títì báyìí, tí wọ́n ń pín owó náà láìjà.

Ní ti ìnájà, àwọn kan gbà pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́jà àti oníbàárà mọ̀ pé iye àkọ́kọ́ kì í ṣe iye ìkẹyìn, kò sì sí ẹni tó tan ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ọlọ́jà bá fi Ọlọ́run búra pé òun kò jèrè kankan, tó sì ń jèrè, nìgbà náà ni irọ́ wọ̀ ọ́. Bákan náà, bí oníbàárà bá sọ gbangba pé òun kò mọ iye tí wọ́n ń tà á, kí ọlọ́jà ta á fún òun bó ṣe ń tà á fún àwọn yòókù, ìnájà ti parí, ìfọkàntán ló kù. Ẹni tó bá fi àyè yẹn gbé owó lé e ti dalẹ̀.

Òfin kan tí Ànábì Muhammadu fi lélẹ̀ kan ìwà àwọn tó ń fa àlejò lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀ kí wọ́n tó dé inú ọjà. Ó kọ̀ fún àwọn ará ìlú láti lọ pàdé oníṣòwò tó ń kó ọjà bọ̀, kí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ọjà gbọ́ iye rẹ̀. Ẹni tó ń tà ni òfin náà dáàbò bò. Ìdí rẹ̀ sì bo ẹni tó ń rà náà: kò yẹ kí ẹnì kan jẹ lórí àìmọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Nínú Bíbélì, Lefitiku orí 19 pàṣẹ kí wọ́n fẹ́ràn àlejò bí ara wọn, gbólóhùn tó sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀ ni ti òṣùwọ̀n tòótọ́. Ibẹ̀ kò ya ìfẹ́ àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n.

Ẹ̀rọ ti gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ìfọkàntán ń ṣe. Ọkọ̀ BRT tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, láti Mile 12 dé CMS, ti ń gba káàdì báyìí, ìjà ṣéńjì sì ti tán níbẹ̀. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò sọ ẹnikẹ́ni di olóòótọ́: ní Ìdúmọ̀tà, bí oníbàárà bá fi fóònù sanwó, ọlọ́jà á máa dúró de álátì, ìyẹn iṣẹ́ tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ pé owó ti wọlé, nítorí àwọn kan ń fi álátì ayédèrú kó ẹrù lọ.

Ó ku ti èrò tó dé ilé, tó ka owó rẹ̀, tó rí i pé kọ̀ńdọ́ fún òun lé. Dáńfó ti lọ, kò sí nọ́ńbà, kò sí orúkọ. Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ní kó fi owó náà ṣe sàráà ní orúkọ ẹni tó ni ín, bí kò bá sí ọ̀nà àtirí i mọ́. Numeri orí 5 ní bí ẹni tí wọ́n jẹ kò bá ní ìbátan tí wọn yóò san án fún, kí wọ́n san án fún Olúwa nípasẹ̀ àlùfáà. Ẹ̀sìn méjèèjì ti ronú kan ẹni tí kò ṣeé rí mọ́, kò sì sí èyí tó ní kí ẹni tó jẹ gbèsè fi owó náà sápò. Owó yẹn kì í ṣe tirẹ̀.