Ìgbà Wo Ni Ó Tọ́ Kí A Sọ Pé A Mọ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan ni a gbà pé ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó gbọ́ lásán, ó gbàgbọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe yìí kò dáhùn: bí ojú wa bá rí nǹkan kan náà ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, ṣé a ti ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí láé? Inú ìmọ̀ ìṣirò ni mo ti rí ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Gbogbo wa la mọ nọ́ńbà práìmù: 2, 3, 5, 7, 11, 13 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí nọ́ńbà tí ó lè pín wọn láìṣẹ́kù, àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Àwọn ni a fi ń kọ́ àwọn nọ́ńbà yòókù, bí ìgbà tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé: 60 ni 2 × 2 × 3 × 5. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò ṣòro láti mọ̀. 101 àti 103 fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra, ṣùgbọ́n lẹ́yìn 113, a kò ní rí òmíràn títí a ó fi dé 127.

Ní ọdún 1737, Leonhard Euler fi hàn pé bí a bá ń ro 1 + 1/4 + 1/9 + 1/16 pọ̀ láìdúró, ohun tí a ó rí kò yàtọ̀ sí 4/3 × 9/8 × 25/24 × 49/48 tí ó ń lọ láìlópin, níbi tí ó jẹ́ pé nọ́ńbà práìmù nìkan ni a lò. Irú àròpọ̀ yìí ni a ń pè ní zeta. Ní ọdún 1859, Bernhard Riemann, ará Jámánì, wo àwọn ibi tí zeta ti di òdo. Ó dábàá pé, yàtọ̀ sí àwọn kan tí ó rọrùn láti mọ̀, gbogbo wọn wà lórí ìlà tààrà kan ṣoṣo. Bí èyí bá jẹ́ òótọ́, a ó mọ bí iye nọ́ńbà práìmù ṣe lè jìnnà tó sí iye tí a fojú díwọ̀n. Kọ̀ǹpútà ti yẹ irú òdo bẹ́ẹ̀ tí ó ju tírílíọ̀nù mẹ́wàá lọ wò. Kò sí ìkankan tí ó yà kúrò lórí ìlà náà. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ ìṣirò kò gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹnìkan lè sọ pé agídí ni èyí. Tírílíọ̀nù mẹ́wàá ẹlẹ́rìí! Ilé ẹjọ́ wo ni yóò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ Carl Friedrich Gauss dáhùn. Nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti rí ọ̀nà tí a lè gbà fojú díwọ̀n iye nọ́ńbà práìmù. Láti 1 dé 1,000,000, wọ́n jẹ́ 78,498. Ìfojúdíwọ̀n náà fi nǹkan bí 130 ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi yòówù tí ènìyàn kà dé, ìfojúdíwọ̀n ló máa ń pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1914, J. E. Littlewood, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹ̀rí hàn pé iye gidi yóò borí ìfojúdíwọ̀n náà, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, bí kò ṣe láìlópin. Títí di òní, kò sí kọ̀ǹpútà tí ó tíì kà dé ibẹ̀, nítorí pé ó jìnnà kọjá sísọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò lé e bá. Ojú kò sì parọ́ fún ẹnikẹ́ni o. Ohun tí wọ́n rí, bẹ́ẹ̀ ló rí. "Ìgbà gbogbo" ni ojú kò rí.

Kí ló kan àwa tí a kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò níbẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba òdo nínú ìdánwò mẹ́ta, a sọ ọ́ ní olódo, a ní kò lè mọ ìṣirò láéláé. Ẹni méjì láti ìlú kan rẹ́ wa jẹ, a ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn. Àwọn tí ó ní tírílíọ̀nù mẹ́wàá ẹ̀rí kò jẹ́ sọ pé "gbogbo". Àwa tí a ní mẹ́ta ń sọ pé "láéláé". Bí a bá ṣi nọ́ńbà pè, kò ní dùn ún. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń pè ní olódo lè gbà á gbọ́, kí ó sì pa ìwé dé.

N kò sọ pé kí a káwọ́ gbera títí a ó fi rí ẹ̀rí tí kò ṣeé já. Àgbẹ̀ kò lè dúró de ẹ̀rí pé òjò yóò rọ̀ kí ó tó gbin àgbàdo. Ẹni tí wọ́n ti jí owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ẹ̀tọ́ láti di àpò rẹ̀ mú. Àwọn onímọ̀ ìṣirò pàápàá ń lo àbá Riemann nínú iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Bí àbá yìí bá jẹ́ òótọ́." Wọ́n jẹ́ kí òǹkàwé mọ ohun tí wọ́n yá lò. Ìwà òtítọ́ ni mo ka èyí sí.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé àfojúbà tó láti sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì tó láti fi ṣọ́ra. Kò tó láti fi dájọ́ ohun tí a kò tíì rí. Èdè wa ti fún wa ní "mo rí i", "ó jọ bẹ́ẹ̀", "mo gbà á gbọ́" àti "mo mọ̀ ọ́n". Ó yẹ kí olùkọ́, òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ máa lo ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè rẹ̀, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ ẹlòmíràn.