Májẹ̀mú Inú Ìwé Ilẹ̀: Kí A Pa Á Rẹ́ Ni, Tàbí Kí A Kà Á Sókè?

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwọn òǹkàwé wa bá wa rò. Bí ènìyàn bá ní ilé tí ó dára, tí ó sì rí i nínú ìwé ilé náà pé a ti kọ ọ̀rọ̀ ìkà kan sí i láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀rọ̀ tí òun tìkára rẹ̀ kò kọ, tí òfin pàápàá kò kà sí mọ́, kí ni ojúṣe rẹ̀? Ṣé kí ó pa ìwé náà dé, kí ó sì dákẹ́? Ṣé kí ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí ojú má baà ti àwọn ọmọ rẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àlọ́. Ó wà níwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ onílé ní Amẹ́ríkà lónìí.

Ní ọdún 1917, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti orílẹ̀-èdè náà dájọ́ pé ìlú kankan kò gbọdọ̀ fi òfin ya àdúgbò aláwọ̀ funfun sọ́tọ̀ kúrò lára ti aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò jẹ́ kí ìlú fi òfin ṣe, àwọn onílé fi ìwé àdéhùn ṣe é. Ní ìlú Minneapolis, láti ọdún 1910 ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà, tí ó wí pé a kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ yá a, fún ará Ṣáínà, ará Japan, ará Tọ́kì, tàbí ẹnikẹ́ni tí ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: bí ọ̀kan nínú wa bá dé ibẹ̀ nígbà náà ti òun ti owó lọ́wọ́, a ti sé ìlẹ̀kùn mọ́ ọn kí ó tó kàn án.

Púpọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí sì yọ ẹnìkan sílẹ̀: ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń sin onílé lè sùn níbẹ̀. Ọwọ́ tí ń se oúnjẹ, tí ń wẹ ọmọ, kò ba àdúgbò jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ kan náà bá di kọ́kọ́rọ́ ilé mú, ó di èèwọ̀. Àwọn àgbà Èkó yóò tètè mọ irú ìlànà yìí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Ìkòyí ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọmọ ọ̀dọ̀ dúdú ti ń gbé ẹ̀yìnkùlé òyìnbó.

Ní ìlú St. Louis, àwọn onílé 30 nínú 39 ní àdúgbò kan fọwọ́ sí irú àdéhùn yìí ní ọdún 1911, pé yóò wà fún 50 ọdún. Ní ọdún 1945, ọkọ àti aya kan tí í ṣe aláwọ̀ dúdú, Shelley ni orúkọ wọn, ra ilé níbẹ̀. Àwọn onílé kan pè wọ́n lẹ́jọ́ kí a lè lé wọn jáde. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ó sì dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, ọdún 1948, pé kò sí ilé ẹjọ́ tí ó gbọdọ̀ ya ọwọ́ rẹ̀ fún májẹ̀mú bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kò wí pé kí a má kọ ọ́. Òfin ọdún 1968 ni ó wá ka ìyàsọ́tọ̀ nínú títa àti yíyá ilé léèwọ̀ pátápátá.

Àwọn ọdún wọ̀nyí kò lọ lásán. Àjọ ìjọba tí ń ṣe onígbọ̀wọ́ owó ilé, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1934, tìkára rẹ̀ gbà pé irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀ dára. Ẹni tí a jẹ́ kí ó ra ilé nígbà náà, ilé náà gbówó lórí, ó sì fi rán ọmọ ní ilé ìwé gíga. Ẹni tí a tì sẹ́yìn san owó ilé onílé títí ó fi kú, kò sì fi nǹkan sílẹ̀.

Láti ọdún 2016, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Minnesota, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú tí kò gba owó, ti ń ka àwọn ìwé ilẹ̀ àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Minneapolis nìkan wọ́n rí irú májẹ̀mú yìí tí ó lé ní 8,000. Ọ̀pọ̀ onílé ni kò mọ̀ títí di ìgbà náà pé ilé tí wọ́n ń sùn sí wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan wí pé: àwọn tí ó kọ ọ́ ti kú, èéṣe tí a ó fi tún egbò já? A gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀. A kò lè ka ẹ̀ṣẹ̀ baba sí ọmọ lọ́rùn bí ẹni pé òun ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó jogún oko baba rẹ̀ jogún gbèsè baba rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí yóò ká kòkó oko náà tán, kí ó tún wí fún olówó pé òun kò mọ baba òun rí.

Ṣé kí a wá pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́? Rárá o. Àpá kì í jọ ara. Ọmọ tí kò rí ìwé náà yóò wo àdúgbò ọlọ́rọ̀ àti àdúgbò òtòṣì, yóò sì wí pé aláápọn ni àwọn ti ìhín, ọ̀lẹ ni àwọn ti ọ̀hún. Ẹ̀rí tí ìbá dá a lóhùn ni a ti fá dànù. Nítorí náà, òfin tí Minnesota ṣe ní ọdún 2019 wù wá: onílé lè fi ìwé tuntun sí àkọsílẹ̀ ilẹ̀, tí ó kọ májẹ̀mú náà sílẹ̀ gbangba, ṣùgbọ́n ìwé àtijọ́ kò kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí i lọ́la yóò rí ìwà ìkà náà, yóò sì rí ẹni tí ó kọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, ìwé kò san gbèsè. Ìgbìmọ̀ ìlú Evanston ní ìpínlẹ̀ Illinois mọ èyí nígbà tí ó pinnu ní ọdún 2021 láti fi tó 25,000 dọ́là ran ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ lórí ọ̀ràn ilé, nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tí irú ìyàsọ́tọ̀ yìí pa lára níbẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Àwọn kan ti pe ìlú náà lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀. Owó náà kò tó ohun tí ó sọnù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí san ti gbà pé òun jẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn ọmọ ilé ìwé yín, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọn ìbá ṣe bí ìwé náà bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní tiwa, ohun tí a rí ni pé kí a kọ́kọ́ kà á sókè, kí a kọ̀ ọ́ ní gbangba, kí a sì wá ẹni tí a jẹ ní gbèsè kàn. Ẹni tí ó bá fo èkíní, kò ní mọ ilé tí yóò gbé owó lọ.