Ta Ni Ó Ni Ojúde Tí A Jókòó Sí?



Nígbà tí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ bá wá kí wa ní Òkè Ọya láti Èkó tàbí Ìbàdàn, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi ní kí a mú àwọn láti Dakace wọ inú Zaria lọ. Wọn fẹ́ rí odi àtijọ́ tí ìtàn so mọ́ orúkọ Ọbabìnrin Amina, àti ààfin Ẹ́míà, àti ojúde iwájú rẹ̀ tí àwọn Háúsá ń pè ní Kofar Fada. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ọdún Iléyá, tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń sáré wá kí Ẹ́míà, inú wọn a dùn púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni òǹgbẹ yóò gbẹ wọ́n. Wọn yóò wo ọ̀tún wo òsì, wọn yóò béèrè ibi tí ènìyàn lè jókòó sí lábẹ́ ìbòòji, kí ó mu ìgò kan tí ó tutù, kí ó sì máa wo ìran lọ. Bí a bá wí fún wọn pé a kì í mu bíà níbẹ̀, ẹlòmíràn a bínú. A ní owó òun ni, ọmọ Nàìjíríà sì ni òun.

Ọ̀rọ̀ náà ju ti ọtí lọ. Mo fẹ́ kí a bi ara wa pé, nígbà tí ènìyàn bá ra ohun mímu ní ojúde ìlú onílùú, kí ni ó rà gan-an?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Marrakech ní ilẹ̀ Mòrókò, ìlú Mùsùlùmí tí ó ní odi bíi Zaria. Ojúde ńlá kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jemaa el-Fnaa. Ní 2001, àjọ UNESCO ka ìṣe ojúde náà mọ́ ohun iyebíye ti gbogbo ayé, nítorí àwọn apàlọ́, àwọn onílù àti àwọn tí ń fi ejò ṣeré níbẹ̀. Yíká rẹ̀ ni àwọn ilé tíì wà, tí wọn ní pèpéle lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí àlejò lè jókòó sí kí ó máa wolẹ̀. Onítíì gba owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n onílù tí ó ń làágùn nísàlẹ̀ kò rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lókè. Àwọn tí ó dúró yí i ká ni ó ń ju owó sí i. Èmi kò pe ẹni òkè náà ní olè. Mo ń sọ pé gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Àwọn onígbèsè míràn wà tí a ti lọ sin lówó. Ní oṣù July 2024, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú Barcelona ní ilẹ̀ Spéìn jáde láti fi ẹ̀hónú hàn, àwọn kan nínú wọn sì fi ìbọn omi tí ọmọdé fi ń ṣeré fọ́n omi sí àwọn àlejò tí ó jókòó níwájú ilé oúnjẹ. Ohun tí ó ń bí wọn nínú ni pé owó ilé ti ga ju agbára wọn lọ, nítorí àwọn tí ó ń fi ilé háyà fún àlejò. Dída omi sí ẹni tí ó ń jẹun lára kò dára lójú mi rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí a da omi sí lára yóò ti mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ojúde tí òun jókòó sí ní olóhun.

Ojúde Zaria ní olóhun pẹ̀lú. Mọ́sálásí ńlá tí Babban Gwani Mikaila kọ́ ní ohun tí ó lé ní 150 ọdún sẹ́yìn wà nítòsí ààfin, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ní oṣù August 2023 sì ni apá kan rẹ̀ wó lulẹ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn ń kírun, tí ẹ̀mí sì ṣòfò. Ibi tí àwa ń wò bí àwòrán, ibẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn ti ń kírun, tí wọn sì ti ń ṣọ̀fọ̀.

Ní ìlú tiwa, ta ni yóò dé fìlà gẹngẹ wọ iwájú ọba, kí ó ní owó òun ni òun fi ra fìlà?

Ọ̀rọ̀ bíà ní ìtàn tirẹ̀ níhìn-ín. Àwọn ìjọba òyìnbó ṣe àdéhùn ní Brussels ní 1890 láti dènà ọtí líle ní apá púpọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, Lugard sì fi òfin dè é fún àwọn ọmọ ilẹ̀ ní Òkè Ọya. Nígbà tí ojú irin dé Kano ní 1911, tí àwọn baba wa ń wá bí akọ̀wé, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ rélùwéè, inú odi kọ́ ni a fi wọ́n sí. Sabon Gari, lẹ́yìn odi, ni a yà sọ́tọ̀ fún wọn, ọtí náà sì bá wọn gbé ibẹ̀. Ìwé òfin Penal Code tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Òkè Ọya ní 1960 sọ ọtí mímu di ẹ̀ṣẹ̀ fún Mùsùlùmí, kò sì fi de àwọn yòókù. Báyìí ni a ṣe kó àlejò àti ìgò sí ilé kan náà. Sabon Gari ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ilé-ẹ̀kọ́, ó ní ìsọ̀ aṣọ, síbẹ̀ lójú ẹni púpọ̀ nínú odi, ilé ọtí ni gbogbo rẹ̀.

Ẹnìkan á ní, “Àwọn náà kò ha ń wá mu ún lọ́dọ̀ wa lóru?” Òótọ́ ni nípa àwọn kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi òkùnkùn bojú kí ó tó mu ti jẹ́rìí pé òun mọ ohun tí ìlú òun ń fẹ́. Ìtìjú rẹ̀ kò sọ ojúde di tiwa.

Nítorí náà, bí àlejò wa bá ní òǹgbẹ ń gbẹ òun ní Kofar Fada, ẹ má jẹ́ kí a gbé mínírà sínú mọ́tò kí a máa ti inú gíláàsì wòran. Ohun mímu ò wọ́n nínú Zaria. Fúrà wà, tí obìnrin Fúlàní fi igbá pò mọ́ nónò lójú ẹni. Kúnú wà, sobo pupa wà. Mai shayi wà, pẹ̀lú kẹ́tùrù rẹ̀ lórí èédú àti àga gígùn rẹ̀, tí ó ń da tíì láti inú ife kan sí èkejì títí yóò fi hó yẹ́ẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí, nítorí àga mai shayi kò dà bí pèpéle òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Èjìká rẹ kan èjìká ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ. Bí o ti ń wò wọ́n ni wọ́n ń wò ọ́. Ìkíni a bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó gùn ní èdè Háúsá, ẹni tí ó bá sì yára gé e kúrú ti dójú ti ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ìkíni, wọn a béèrè ibi tí a ti wá. Níbẹ̀ ni gbèsè tí àwọn onílé jẹ wá wà, nítorí kì í ṣe àwa nìkan ni a jẹ gbèsè. Bí ọmọ wa tí a bí síhìn-ín bá dáhùn pé Dakace ni, wọn a rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn a ní, “Ṣáájú Dakace ńkọ́?” Ọmọ náà kò ní ìdáhùn mìíràn.