Ìkòkò Tí Kì Í Ka Ẹnu

Tí àwọn àgbà Kútọnu bá fẹ́ fi hàn pé ayé ti bàjẹ́, àdúgbò Jonquet ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Wọ́n á ní ẹ wo àwọn ọmọbìnrin tó ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà lóru, ẹ wo ilé ọtí tí kì í sùn, ẹ wo àwọn jàgùdà ibùdókọ̀. Mi ò bá wọn jiyàn pé nǹkan wọ̀nyí ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Jonquet ni wọ́n ti tọ́ mi, nínú agbo ilé ìyá tó bí ìyá mi, mo sì mọ̀ pé ohun tó bàjẹ́ ládùúgbò yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń nàka sí. Àwọn ọmọbìnrin òru ti wà níbẹ̀ kí n tó gbọ́njú. Ohun tó wà nígbà náà tí mi ò rí mọ́ ni ìkòkò tí wọ́n ń gbé kaná láìka iye ẹnu tí yóò jẹ nínú rẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ni ìyá ìyá mi yìí, Ìyá Àgbà. Etí ọ̀sà ni Àjàṣẹ́ wà, kí títì ọlọ́dà sì tó dé, omi ni ọ̀nà. Èèyàn á wọ ọkọ̀ níbẹ̀ dé Agbádárìgì, á gba Agbádárìgì dé Èkó. Tó bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, á gba ojú omi tóóró Totchè bọ́ sínú adágún Nokoué, á sì gúnlẹ̀ sí Kútọnu. Gbogbo ọ̀nà yìí ni Ìyá Àgbà mọ̀ dunjú. Òwò ló ń bá lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òwò nìkan kọ́. Ó fẹ́ràn omi ni. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wọ mọ́tò gba orí afárá kọjá, òun á sọ̀ kalẹ̀ sétí omi ní Tokpa, á ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, á wọ ọkọ̀.

Kì í jókòó sáàárín ọkọ̀ bí àwọn obìnrin yòókù. Iwájú pátápátá ló ń wà, tí omi á máa ta sí i lójú. Nokoué kò jìn, nítorí náà ọ̀pá gígùn ni wọ́n sábà fi ń ti ọkọ̀ níbẹ̀. Atukọ̀ á ki ọ̀pá bọlẹ̀ títí yóò fi kan ẹrẹ̀, á fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, á sì tètè fà á yọ kí ọkọ̀ má baà fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Mo rí Ìyá Àgbà tó gba ọ̀pá yìí lọ́wọ́ atukọ̀ nígbà tí gbogbo irun orí rẹ̀ ti funfun. Ganvié là ń lọ lọ́jọ́ náà, ìlú tí àwọn Tofinu kọ́ sórí òpó láàárín omi nígbà tí wọ́n ń sá fún àwọn akóniléru. Ó ń lọ ra akàn àti edé lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń tajà nínú ọkọ̀. Ó ti ìka bọ omi, ó tọ́ ọ wò. Láti ọdún 1885 tí àwọn Faransé ti la ojú omi sínú òkun ní Kútọnu ni iyọ̀ ti ń wọ adágún náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí iyọ̀ náà bá sì ṣe mú tó ni Ìyá Àgbà fi ń mọ ohun tí yóò bá lọ́jà.

Nínú gbogbo oúnjẹ tó mọ̀ ọ́n sè, dakouin ni mo máa mú. Oúnjẹ àwọn ará omi ni. Á dín àlùbọ́sà, tòmátì àti ata, á bu omi sí i, á wá to ẹja sínú rẹ̀. Tí ẹja bá ti jinná, á rọra kó o jáde kó má baà fọ́, á máa da gàrí sínú omi ẹja yẹn díẹ̀díẹ̀, á máa fi ọmọrogùn rò ó títí yóò fi ki. Orí rẹ̀ ni yóò to ẹja sí. Ìyá mi a máa fi agolo wọn gàrí, nítorí obìnrin tó ń ṣọ́ owó ná ni. Ìyá Àgbà kì í wọn nǹkan kan. Á máa dà á lọ títí ìkòkò á fi kún dé etí. Tí wọ́n bá bi í pé ta ni yóò jẹ gbogbo èyí, á ní, "Ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà ni."

Wọ́n sì máa ń wá. Èrò Lọ́mẹ́ tí ọkọ̀ wọn kò tíì kún, awakọ̀ tó ti Èkó dé, Haúsá olóbì láti àdúgbò Zongo. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń bú yẹn náà ń wá, kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa, wọ́n á fi gèlè bo orí kí wọ́n tó wọlé. Ìyá tó ń kírun ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ni ìyá mi àgbà, kò sì fìgbà kan sọ pé iṣẹ́ wọn dára. Ohun tó máa ń sọ fún wọn ni, "Jókòó kó o jẹun. Ìyá rẹ kò sí nítòsí." Àgbàlagbà kan ládùúgbò bá a wí pé ó ń fi abọ́ kan náà bọ́ àwọn oníṣekúṣe àtàwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Alhaji, ṣé ilé yín ni kí n máa darí wọn sí?" Bàbá náà bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ yìí kò ti inú ìwé wá. Nígbà tí Ìyá Àgbà ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ó bá òwò dé Àbíjàn. Àwọn ará Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Benin nígbà náà, pọ̀ níbẹ̀ láyé àwọn Faransé, wọ́n jẹ́ akọ̀wé àti oníṣòwò. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1958, àwọn ọ̀dọ́ ìlú dìde sí wọn àti sí àwọn ará Tógò, wọ́n fọ́ ilé, wọ́n kó ọjà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì bá ọkọ̀ òkun padà wálé. Kútọnu kò tíì ní èbúté tó jinlẹ̀ nígbà náà, ọdún 1965 ni wọ́n tó ṣí i. Afárá irin kan ló nà wọ inú òkun, ọkọ̀ ńlá á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á kó èèyàn sínú agbọ̀n, wọ́n á fi ẹ̀rọ gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tó ń jó lórí ìgbì. Ìyá Àgbà ní bí agbọ̀n náà ti ń mì lókè, òun rẹ́rìn-ín, nítorí òun fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ òun kan iyanrìn ni òun tó sunkún. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló gbé ẹ̀kọ àti ẹja yíyan lé e lọ́wọ́. Kò mọ orúkọ rẹ̀ títí tó fi kú.

Wọ́n tún lé àwọn èèyàn wa ní Nìjẹ̀r ní 1963. Wọ́n lé wọn ní Gàbọ̀n ní 1978, nígbà tí Bongo, ààrẹ wọn, àti Kérékou, ààrẹ wa, jà. Ìran tó mọ bí lílé ṣe ń rí ni ìran wọn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbàgbé oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1983. Ìjọba Shagari ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n Gánà ti ti ẹnubodè tirẹ̀ láti oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún tó ṣáájú, Tógò náà sì ti tirẹ̀ kí èrò má baà há sí i lọ́rùn. Báyìí ni ogunlọ́gọ̀ èèyàn há sọ́wọ́ wa ní Benin, wọ́n sùn síta gbangba, ọ̀pọ̀ wọn sì wà ní èbúté Kútọnu, tàwọn tàpò onílà tí gbogbo ayé wá ń pè ní Ghana Must Go. Ọjọ́ 29 oṣù náà ni Gánà tó ṣílẹ̀kùn.

Dakouin kọ́ ni Ìyá Àgbà sè fún wọn. Ẹ̀kọ ni, nítorí ẹ̀kọ kò nílò abọ́. Ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ọn, ìyá ọmọ lè gbà á lọ́wọ́ kan kó sì di ọmọ rẹ̀ mú lọ́wọ́ kejì. Ẹnì kan nínú agbo ilé wa bínú. Ó ní ṣebí àwọn ará Gánà yìí ló lé Yorùbá lọ́dún 1969 nígbà ìjọba Busia, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún wọn, kí wọ́n lọ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ìyá Àgbà kò gbé ojú sókè nídìí ewé tó ń nù. Ó ní, "Ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin yẹn, ṣé òun náà wà níbẹ̀?"

Kí n má purọ́, ọwọ́ òun nìkan kọ́ ló ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Ìyá mi àtàwọn ìyàwó ilé ló ń lọ àgbàdo, tó ń sẹ́ ògì, tó ń pọ́n ẹ̀kọ di òru, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá ó rẹ̀ wọ́n. Inú-rere àwọn àgbà wa sábà máa ń gun ẹ̀yìn àwọn tí kò lè sọ pé rárá. Mi ò fẹ́ kí apá yẹn padà. Kí ọkùnrin náà rògì.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó bàjẹ́. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, a tètè sin ín, bí ẹ̀sìn ti wí. Ṣùgbọ́n fìdáù ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ di ìnáwó ńlá. A dí títì, a ta àtíbàbà, a háyà àga, a yan aṣọ ẹbí. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ gba àṣẹ pé ẹni tó wọ aṣọ ni kí wọ́n bù fún. Awakọ̀ àtijọ́ kan láti ibùdókọ̀ wá, ẹni tó ti ń jẹun lọ́wọ́ Ìyá Àgbà kí wọ́n tó bí mi. Ó wọ bùbá tó mọ́, àwọ̀ rẹ̀ ni kò bá tiwa mu. Ó jókòó, ó ń ṣàdúrà fún òkú. Àwọn agbóúnjẹ kọjá níwájú rẹ̀ lọ, kọjá bọ̀. Ó dìde nígbà tó yá, ó kí àwọn ọmọ olókùú, ó lọ. Nílé obìnrin tí kò ka ẹnu rí, a ka aṣọ.

Kì í ṣe òṣì ló fà á. Owó tí a ná lọ́jọ́ yẹn ju ohun tí Ìyá Àgbà ná lórí àwọn ará Gánà lọ fíìfíì. À ń fúnni, ṣùgbọ́n ẹni tó lè san án padà là ń fún, ẹni tí yóò bá wa yàwòrán, ẹni tí a óò jẹ tirẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Àlejò gidi, ẹni tí kò ní nǹkan kan tó fẹ́ fún wa, ti di oníyọnu. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ láti oṣù Ògún 2019 títí di oṣù Ọ̀pẹ 2020, mo rí èrò tí ìrìn-àjò wọn dàrú, wọ́n sun orí ẹrù wọn ní Jonquet. A gbé omi inú ọ̀rá jáde fún wọn lóòótọ́. Títà la tà á.

Ẹni tó bá ń bú àwọn ọmọbìnrin òru Jonquet lónìí, kó kọ́kọ́ sọ fún mi ìgbà tó gbẹ̀yìn bi ọ̀kan nínú wọn bóyá ó ti jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń múra ìnáwó ìyá yín lọ́wọ́, ẹ ta àtíbàbà yín, ẹ ra aṣọ tó wù yín. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún àwọn agbóúnjẹ kí wọ́n má wo aṣọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó, kí wọ́n gbé abọ́ fún un.